Ilẹ̀kùn tí Wọ́n Kàn ní Kúsíkò

Ẹ̀yin tí ẹ ó ka èyí, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. N kò kàwé jìnnà. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti dúró kí n tó lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, kíláàsì ìrọ̀lẹ́ ní Houinmè, àdúgbò kan ní Àjàṣẹ́, ni mo sì ti kọ́ bí a ṣe ń kọ Nàgó, èdè wa, sílẹ̀. Lẹ́nu pàápàá, n kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ká má tíì wá sọ ti orí ìwé. Olùkọ́ wa ló ní kí n kọ ìrìn àjò tí mo bá Tántí Rosalí lọ, pé ojú tó rí ohun tí ará ilé kò rí kò yẹ kó pa á mọ́. Bí ọ̀rọ̀ mi bá wọ́ níbì kan, ẹ bá mi tọ́ ọ.

Tántí Rosalí ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní àdúgbò Akron ni mo ti dàgbà. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún un kí ọkọ rẹ̀ tó kú, Klarísì, tó lọ kàwé sí Peru, ilẹ̀ kan tó wà lẹ́yìn Bùràsíìlì. Ibẹ̀ ló ti pàdé Rubẹ́ẹ̀nì, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ pé kó máa mú àlejò káàkiri ìlú Kúsíkò láti fi àwọn ilé àtijọ́ hàn wọ́n. Wọ́n bí ọmọbìnrin kan. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan láti ìdílé Rubẹ́ẹ̀nì tó wá kan ilẹ̀kùn wa.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí mò ń wí. Kí ọmọbìnrin tó di ti ilé ọkọ, àwọn ará ọkọ gbọ́dọ̀ wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n kan ilẹ̀kùn, kí a bi wọ́n léèrè ẹni tí wọ́n jẹ́ àti ohun tí wọ́n ń wá. Títí wọn yóò fi ṣe é, ìyá ọmọ kò gbọdọ̀ jẹun nílé àna, kò gbọdọ̀ mu omi wọn, kò gbọdọ̀ sùn sábẹ́ òrùlé wọn. Àwọn mìíràn ti fi èyí sílẹ̀. Tántí kò fi í sílẹ̀. Ó ní ọmọ-ọmọ òun ni òun ń lọ wò, òun kò lọ wo àna. Ó san owó òtẹ́ẹ̀lì láti ilé, ó sì kìlọ̀ fún mi pé, “Àbẹ̀ní, ohun tí kò bá yé wọn níbẹ̀, má ṣe là á yé wọn. Ẹni tó bá ní ojú yóò rí i.”

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí tasíì wá gbé wa. Ìkùukùu bo ọ̀sà nígbà tí a gba orí afárá kọjá, àwọn tó ń ta epo inú ìgò lẹ́bàá títì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń to ìgò wọn. Awakọ̀ bi wá pé níbo là ń lọ. Tántí ní Peru ni.

“Níbo nìyẹn, Màmá? Ṣé ó ju Lomé lọ?”

“Ó jù ú lọ díẹ̀,” ni Tántí dáhùn.

Ní oríta Sẹ̀mẹ̀, àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí ẹnubodè Kraké yà sí òsì, àwa yà sí ọ̀tún, sí Kùtọnù, níbi tí ọkọ̀ òfuurufú wà. Nínú ẹrù wa, gàrí wà níbẹ̀, kúlíkúlí wà níbẹ̀, ata gígún àti ẹja gbígbẹ náà wà níbẹ̀, nítorí Tántí kò fẹ́ kí ebi fi òun lé ọwọ́ ẹnikẹ́ni.

N kò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa ọkọ̀ òfuurufú. A sọ̀ ní Kasabuláńkà, a sọ̀ ní Bùràsíìlì. Ọmọ Àgùdà ni Tántí, Bùràsíìlì ni wọ́n ti kó àwọn baba ńlá rẹ̀ padà sí Àjàṣẹ́ wa. Bó ṣe jókòó ní pápákọ̀ yẹn, tó ń gbọ́ bí àwọn agbálẹ̀ ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sínú, ó ní ọ̀rọ̀ kan tí ìyá àgbà òun fi máa ń bá òun wí ni wọ́n ń sọ yẹn. Ní Lima, obìnrin asọ́bodè kan gba ẹja gbígbẹ lọ́wọ́ wa. Ó gbóòórùn gàrí, ó gbé e padà fún wa. Lẹ́yìn náà la wọ ọkọ̀ kékeré tó gbé wa gun òkè.

Kúsíkò wà lórí òkè tó ga débi pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò tó ènìyàn mí. Bí mo ṣe ń gun àtẹ̀gùn díẹ̀, ọkàn mi ń lù kì-kì-kì bí ẹni tó sáré láti Houinmè dé etí ọ̀sà. Òòrùn ń ta ní orí, òtútù sì ń mú ẹsẹ̀. Klarísì, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, ń dúró dè wá ní pápákọ̀ pẹ̀lú Rubẹ́ẹ̀nì àti ìyá Rubẹ́ẹ̀nì, Máma Hasíńtà, obìnrin kúkúrú kan tó dé fìlà funfun gíga, tó di irun rẹ̀ sí méjì dé ìdí. Mo kúnlẹ̀ kí i. Kí n tó gbé orí sókè, ó ti gbá mi lápá mú, ó ń ké sí Rubẹ́ẹ̀nì, ọkùnrin kan sì ti ń ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Wọ́n rò pé òkè ti mú mi. N kò mọ bí mo ṣe lè sọ pé kíkí ni mò ń kí wọn, ni mo bá jókòó sínú kẹ̀kẹ́ tí wọ́n tì mí lọ. Klarísì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Tántí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

“Ibi tí wọn kò ti mọ ìkúnlẹ̀,” ló wí, “ni ọmọ mi wá wọ̀ sí.”

Máma Hasíńtà bu omi gbígbóná jáde láti inú ìgò kan, ewé kóka wà nínú rẹ̀, ewé tí gbogbo wọn ń mu níbẹ̀ kí òkè má bàa dà wọ́n láàmú. Tántí ní òun ti mu. Irọ́ ni. Èmi náà kò lè mu nígbà tí kò mu. Nígbà tí Rubẹ́ẹ̀nì fẹ́ gbé wa lọ sílé rẹ̀, Tántí fi ìwé òtẹ́ẹ̀lì hàn án. Mo rí ojú Klarísì. Ẹ̀rín tó ń rín tẹ́lẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Òtẹ́ẹ̀lì náà dára. Ilé àwọn ará Sípéènì àtijọ́ ni, àgbàlá wà láàárín, ọ̀dẹ̀dẹ̀ onígi yí òkè rẹ̀ ká, wọ́n kùn ún ní búlúù, àfi bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn Àgùdà ní Àjàṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ògiri kì í ṣe ti Sípéènì. Òkúta dúdú ni, àwọn Ínkà ló tò ó, àwọn ọba tó ni ilẹ̀ yẹn kí òyìnbó tó dé. Báyìí ni gbogbo ìlú ṣe rí, ìsàlẹ̀ jẹ́ ti onílé, òkè jẹ́ ti àlejò.

Lọ́jọ́ kejì, Rubẹ́ẹ̀nì mú wa rìn. Faransé tó fi ń ṣiṣẹ́ ló fi ń bá wa sọ̀rọ̀. Ó mú wa gba òpópónà tóóró kan tí wọ́n to òkúta ògiri rẹ̀ láìsí sìmẹ́ǹtì. Òkúta kan wà níbẹ̀ tó ní igun méjìlá, òkúta tó yí i ká sì bá igun kọ̀ọ̀kan mu bí àbùlẹ̀ aránṣọ ṣe ń bá ojú ihò aṣọ mu. Rubẹ́ẹ̀nì ní abẹ́rẹ́ kò lè wọ àárín wọn. Èmi tí mo máa ń gún abẹ́rẹ́ mọ́ àyà aṣọ, mo yọ ọ́, mo fẹ́ dán an wò. Fèrè dún lẹ́yìn mi, ẹ̀ṣọ́ kan ń bọ̀. Èèwọ̀ ni, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan òkúta yẹn. Ojú tì mí débi pé mo gún abẹ́rẹ́ padà mọ́ aṣọ, mo sì gún ara mi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, mo ti tì í kí fèrè tó dún, kò sì wọlé.

Nígbà tí ebi pa wá, mo fi owó ọwọ́ mi ra àgbàdo bíbọ̀ àti wàrà lọ́wọ́ obìnrin kan ní ẹ̀gbẹ́ títì. Sóòlì márùn-ún owó wọn ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rin fáráǹkì wa, ó wọ́n. Hóró àgbàdo wọn tóbi bí èékánná àtàǹpàkò, kò sì dùn tó tiwa. Tántí jẹ ẹ́ nítorí pé èmi ni mo rà á. Rubẹ́ẹ̀nì fẹ́ dá owó náà padà fún mi, Tántí dì mí lọ́wọ́ mú kí n má gbà á.

Ọjọ́ kẹta la lọ sí Kóríkáńchà, tó túmọ̀ sí àgbàlá wúrà. Ibẹ̀ ni àwọn Ínkà ti ń bọ òòrùn. Rubẹ́ẹ̀nì ní wúrà ni wọ́n fi bo ògiri rẹ̀ nígbà kan. Àwọn ará Sípéènì ṣí wúrà náà kúrò, wọ́n sì kọ́ ilé àwọn fadá lé e lórí. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì, ilé fadá wó, ògiri Ínkà kò mì. A wọlé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ àwọn fadá ní òpó funfun tó rẹwà, àwòrán ẹni mímọ́ sì wà lára ògiri. Tántí ṣe àmì àgbélébùú níwájú wọn. Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ni yàrá òkúta wà, ọ̀kan fún ìràwọ̀, ọ̀kan fún òṣùmàrè, ẹnu ọ̀nà wọn fẹ̀ nísàlẹ̀, ó dín lókè. Rubẹ́ẹ̀nì dúró nínú ọ̀kan, ó gbé ọmọ rẹ̀ sókè, ó ní yàrá òṣùpá nìyí, nítorí náà ni àwọn ṣe sọ ọmọ ní Kíyà, pé òṣùpá ni Kíyà ní èdè ìyá òun.

Tántí wò ó. Ó wí fún mi pé, “Wọ́n sọ ọmọ lórúkọ láìbi wá.” Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ wá ògiri, kò rí i dì mú, ó sì jókòó sílẹ̀.

Ní àkọ́kọ́ kò sẹ́ni tó yà lẹ́nu. Wọ́n rò pé bí àwa ṣe máa ń kí ènìyàn nìyẹn. Èmi ni mo rí ètè rẹ̀ tó ti dúdú kọjá dúdú wa. Ó bì sínú gèlè mi. Àwọn ẹ̀ṣọ́ gbé ọsíjẹ́nì wá, wọ́n fi bo imú rẹ̀, a sì gbé e padà sí òtẹ́ẹ̀lì. Dókítà tó wá wò ó kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Òkè ló mú un. Kí wọ́n gbé e sọ̀kalẹ̀ lọ síbi tí afẹ́fẹ́ pọ̀ sí, kó tó di pé omi wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Rubẹ́ẹ̀nì ní ilé ìyá òun wà ní àfonífojì nísàlẹ̀, ó lọ́wọ́ọ́wọ́, kí a máa lọ kíá.

Tántí ní òun kò lọ. Wọ́n ní kí wọ́n gba òtẹ́ẹ̀lì fún un nísàlẹ̀ nígbà náà. Ó ní ta ni yóò san án? Owó wa ti wọ ibi tí a wà, owó tí Rubẹ́ẹ̀nì bá sì san, oúnjẹ rẹ̀ náà ni. “Ẹ dá mi padà sí Àjàṣẹ́. Mo ti rí ọmọ.” Klarísì kúnlẹ̀ ní ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó sunkún, ó bẹ̀ ẹ́. Tántí yí ojú sí ògiri. Mo mọ̀ pé bó bá lọ báyìí, kò ní padà wá mọ́, Klarísì náà kò sì ní lè wálé. Èyí tó burú jù ni pé mo gbọ́ bó ṣe ń mí.

Mo bá Klarísì nísàlẹ̀ ní àgbàlá. Ó jókòó lórí àtẹ̀gùn.

“Àbẹ̀ní, kí ni mo ṣe fún ìyá mi?”

Tántí ti ní kí n má là á yé wọn. N kò tíì kọ̀ sí Tántí lẹ́nu rí láti kékeré.

“Wọn kò tíì kan ilẹ̀kùn,” ni mo wí.

Ó ní òun mọ̀. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń rò ó. Ṣùgbọ́n níbo ni àwọn mẹ́ta mẹ́rin yóò ti rí owó ọkọ̀ òfuurufú dé Àjàṣẹ́? Ojú ló ń ti òun láti sọ pé kò sówó, ni òun fi dákẹ́, tí òun sì sọ fún Rubẹ́ẹ̀nì pé kò sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa.

Mo ní, “Ibi tí Tántí bá sùn sí ni ilé wa. Yàrá òkè yẹn, ilé wa ni. Ó ní ilẹ̀kùn.”

Klarísì wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí. Ó pe Rubẹ́ẹ̀nì, Rubẹ́ẹ̀nì sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan pẹ̀lú ìgò ewé rẹ̀. Máma Hasíńtà gbọ́ ọ tán, ó bọ́ fìlà funfun orí rẹ̀, ó sì fi í na ọmọ rẹ̀ léjìká. Àṣé láàárín àwọn tiwọn náà, òbí ọkùnrin ni yóò gbé ọtí àti oúnjẹ lọ sí ẹnu ọ̀nà òbí obìnrin. Yaikupáku ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ni pé kí a wọlé tọ ènìyàn. Láti ọjọ́ tí Klarísì ti dé ló ti ń dun obìnrin yìí pé òun kò rí ẹnu ọ̀nà kankan lọ. Ọmọ rẹ̀ ló sọ fún un pé ará Áfíríkà kì í ṣe é.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo sọ fún Tántí pé àwọn kan ń bọ̀ wá kan ilẹ̀kùn.

“Ta ló sọ fún wọn?”

“Èmi ni, Tántí.”

Mo ń wo ilẹ̀. Ó ní, “Bá mi mú gèlè mìíràn wá. Sì gbé mi jókòó.”

Klarísì àti ọmọ wọlé tọ̀ wá, nítorí ọmọ tí wọ́n ń tọrọ gbọ́dọ̀ wà nílé. Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Tántí ní kí n má dáhùn. Wọ́n tún kàn án. Ó ní kí n bi wọ́n.

“Ta nìyẹn?”

“Ṣé ẹ̀fọn ló ń sọ̀rọ̀ ni?” ni Tántí wí láti orí bẹ́ẹ̀dì. “Bi wọ́n kí wọ́n gbọ́. Ìwọ ni obìnrin ilé lónìí.”

“Ta ló ń kan ilẹ̀kùn wa?”

Rubẹ́ẹ̀nì ní òun ni. Tántí ní kí n sọ fún un pé a kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo sọ ọ́. N kò mọ ibi tí ìyókù ti wá, mo fi kún un pé, “Òtútù nìkan la mọ̀ ní ìlú yín. Bí ẹ̀yin bá ni òtútù, ẹ padà.” Klarísì yí i sí èdè wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín níta, Tántí sì fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀.

A lé wọn sọ̀kalẹ̀ dé àgbàlá, wọ́n padà wá. Ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ àárọ̀ kiri òtẹ́ẹ̀lì dé pẹ̀lú àwo rẹ̀, Tántí ní kí òun náà dúró sẹ́yìn wọn, kò sẹ́ni tó ń wọlé. A tún lé wọn, wọ́n tún padà wá, àwọn àlejò yàrá mìíràn ti ṣílẹ̀kùn, wọ́n ń wò wá. Nígbà tí mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń wá, ohùn Máma Hasíńtà ló dáhùn. Klarísì ń sunkún bó ṣe ń sọ ọ́ fún wa ní Nàgó. Ó ní ẹyẹlé kan fò láti ilé wa wá sọ́dọ̀ àwọn. Àwọn ti ń fún un lóúnjẹ láti ìgbà yẹn, ojú sì ń ti àwọn, nítorí àwọn kò tíì wá béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

“Ṣí i,” ni Tántí wí.

Máma Hasíńtà wọlé pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin àti Rubẹ́ẹ̀nì. Ó bọ́ fìlà. Ó bu ṣíṣà, ọtí tí wọ́n fi àgbàdo ṣe, ó sì ń wá ilẹ̀ tí yóò kọ́kọ́ ta díẹ̀ sí, nítorí wọn kì í mu kí ilẹ̀ tó mu. Kápẹ́ẹ̀tì nìkan ló rí. Ó yí ká, ó rí ìkòkò òdòdó lẹ́bàá fèrèsé, ó sì rọra da díẹ̀ sínú rẹ̀. Tántí bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ìgbà tí a ti dé.

“Ẹni tó mọ̀ pé ilẹ̀ ló ń kọ́kọ́ mu,” ló wí, “mo lè bá a mu.”

Ó mu ún. Wọ́n gbé àpò iyọ̀ kan síwájú rẹ̀, iyọ̀ tó pupa rẹ́súrẹ́sú, láti adágún tiwọn. Ó fi ìka tọ́ ọ wò, ó fi sí Klarísì lẹ́nu, ó fi sí ọmọ lẹ́nu. Nígbà náà ló na ọwọ́ sí ìgò omi ewé kóka, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n bù ú fún òun. A gbé e sínú ọkọ̀ kí òòrùn tó mú.

Bí ọkọ̀ ṣe ń sọ̀kalẹ̀ ni mo ń gbọ́ bí èémí rẹ̀ ṣe ń gùn sí i. Ilé Máma Hasíńtà wà lẹ́bàá odò, igi èso yí i ká. Tántí sùn di ọjọ́ kejì. Nígbà tó jí, ó béèrè ata. Mo lọ sẹ́yìn ilé, mo sunkún, n kò mọ̀ pé ẹkún tó báyìí wà nínú mi.

Lórí òkè tó wà lókè ilé wọn ni omi oníyọ̀ ti ń sun jáde. Wọ́n ti gbẹ́ adágún kéékèèké sí ara òkè náà, ìdílé kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, òòrùn a gbẹ omi, iyọ̀ a ṣẹ́ kù. Láti òkèèrè, ó dà bí aṣọ funfun tí wọ́n sá. Máma Hasíńtà mú wa rìn létí adágún rẹ̀, òun àti Tántí di ara wọn lọ́wọ́ mú, olúkúlùkù ń sọ èdè tirẹ̀.

Lẹ́yìn tí ara rẹ̀ le, a padà sí Kúsíkò láti rí ohun tí a kò rí. Ìgbà yìí ilé Klarísì la sùn. A wọ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tó wà ní gbàgede ìlú, tí wọ́n kọ́ sórí ààfin ọba Ínkà. Jésù dúdú kan wà níbẹ̀ lórí àgbélébùú, èéfín àbẹ́là ló sọ ọ́ di dúdú, òun ni wọ́n ń bẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá mì. Tántí dúró níwájú rẹ̀ pẹ́. Àwòrán Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa tún wà níbẹ̀, ohun tó sì wà nínú àwo níwájú Jésù ni ẹran kékeré kan bí ẹmọ́, tí wọ́n ń sìn nílé fún jíjẹ. Tántí ní òun kò mọ̀ pé Jésù náà ń jẹ ẹmọ́. Rubẹ́ẹ̀nì ní kó má sọ ọ́ fún fadá. Ó tún ní inú ń bí òun nígbà míì tí òun bá wo ṣọ́ọ̀ṣì yìí, nítorí òkúta odi àwọn baba ìyá òun ni wọ́n wọ́ wá kọ́ ọ. Tántí sọ fún un nípa mọ́ṣáláṣí ńlá wa ní Àjàṣẹ́, tí àwọn Àgùdà tó ń kírun kọ́ bí ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí bí wọ́n ṣe kọ́ ilé Ọlọ́run ní Bùràsíìlì níbi tí wọ́n ti sìnrú nìyẹn. “Ọwọ́ ẹni tó ṣiṣẹ́ ló máa ń hàn lára ilé,” ló wí. Lọ́jọ́ kejì, mo gbọ́ tí Rubẹ́ẹ̀nì ń sọ ọ́ fún àwọn àlejò rẹ̀ mìíràn.

Ọjọ́ ìkẹyìn la gun Saksaiwáman, níbi tí odi yẹn wà, òkúta mìíràn níbẹ̀ tóbi ju yàrá lọ. Tántí fi òjá pọn Kíyà. Ó ń rìn díẹ̀, ó ń sinmi díẹ̀, ó ń ki ọmọ náà ní oríkì ìdílé wa ní Akron, láàárín òkúta àwọn Ínkà. Ó ti sọ ọ́ ní Ayọ̀délé, ó sì fi Kíyà sílẹ̀ fún un náà.

Ọ̀nà ilé kò gùn tó ọ̀nà àjò. Nígbà tí mo rí ọ̀sà láti orí afárá, tí mo gbọ́ ariwo àwọn alùpùpù zẹ́mì tó ń gbé èrò, mo mí kanlẹ̀, àyà mi kún fún afẹ́fẹ́. Ohun tí mo kọ́ kò pọ̀. Mo rí i pé ìyá méjì lè máa bínú nítorí ohun kan náà, lápá méjì òkun, tí ẹni tó wà láàárín wọn bá dákẹ́. Èmi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́ jù.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí a dé, kí Tántí tó jí, mo bu nínú iyọ̀ àna, mo dì í sínú àjákù aṣọ tó wà lábẹ́ máṣíìnì mi, mo sì mú un jáde. Mo kan ilẹ̀kùn àwọn ìyàwó ilé, mo kan ti àwọn àgbà ìdílé, mo dé ọ̀dọ̀ àbúrò ọkọ Tántí ní Houinmè. Níbi kọ̀ọ̀kan mo kúnlẹ̀, mo ní, “Àwọn àna Klarísì ti wá kan ilẹ̀kùn. Iyọ̀ wọn nìyí.” Nígbà tí mo padà, Tántí ti jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń dá àwọn tó wá kí i kú oríire lóhùn, kò sì bi mí níbi tí mo ti ń bọ̀.